Ẹ Yé Purọ́ Mọ́ Ògún

Bí ọkọ̀ bá dànù lójú pópó nílẹ̀ yìí, kí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ lára koríko ni ẹjọ́ ti máa ń parí. Ẹnìkan a ní iṣẹ́ ayé ni. Ẹnìkejì a ní olówó ọkọ̀ ni kò fún Ògún ní ajá. Ẹnìkẹta, tí ó gbé ìwé mímọ́ dání, a ní Ọlọ́run ló fún ni, Ọlọ́run náà ló gbà á. Wọn a gbé òkú, wọn a fa àlòkù irin kúrò lọ́nà, kálukú a sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò pè sí ẹjọ́ náà ni táyà. Bẹ́ẹ̀ sì ni táyà ọ̀hún wà nílẹ̀ níbẹ̀, tí ó ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, tí wáyà inú rẹ̀ yọ síta bí egungun ẹja, tí ojú rẹ̀ sì dán bí orí apárí. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń sọ̀rọ̀; àwa ni a kò gbọ́.

Àwọn àgbà a máa sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? N kò bá òwe jà. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ pa òwe yìí lójú pópó, ẹ jẹ́ kí a pa á bí ó ti yẹ. Bíréèkì ké lánàá, ọkọ̀ kọ̀, kò dúró lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé bíréèkì àná ni? Àwọn tí ó ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ òde òní dìídì fi irin pẹlẹbẹ kan sára páàdì bíréèkì ni, kí ó lè máa ké nígbà tí páàdì bá ti ń jẹ tán. Igbe yẹn kì í ṣe àṣìṣe, ìkìlọ̀ ni. A gbọ́ igbe, a sì yí ohùn rédíò sókè kí ó bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀ràn wá dé, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyá arúgbó kan ní abúlé tí a ó dì í rù.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ògún fúnra rẹ̀, nítorí òun ni a purọ́ mọ́ jù lọ. Òrìṣà tí àwọn baba wa fi irin sí ìkáwọ́ rẹ̀ kì í ṣe òrìṣà ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń bọ ọ́ kì í ṣe aláìbìkítà. Ọdẹ tí yóò wọ igbó lálẹ́ a kọ́kọ́ nu ìbọn rẹ̀, a sì yẹ ẹ̀tù rẹ̀ wò bóyá ó gbẹ. Àgbẹ̀ a pọ́n àdá kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí èkù àdá bá sì ń mì, kò ní í mú un lọ síbi ọ̀wẹ̀, kí irin má baà fò yọ kí ó bá ọmọ ọlọ́mọ. Alágbẹ̀dẹ kò jẹ́ fi ẹmú tí ó ti wọ́ gbé irin gbígbóná. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ń bọ Ògún, wọ́n ń pa ajá, wọ́n ń ta epo sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fi ajá rọ́pò ìtọ́jú irin. Ìtọ́jú ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ẹbọ ni wọ́n fi dì í. Àwa ìran ọlọ́kọ̀ ni a gba ẹbọ mú, tí a sì da ìtọ́jú nù. Lẹ́yìn náà ni a ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé àṣà ni a ń tẹ̀lé.

Ẹ sì tún rántí pé Ògún ni a fi ń búra. Títí di òní, ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí tí kì í sì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì lè fi irin búra ní ilé-ẹjọ́ wa pé òtítọ́ ni òun yóò sọ. Òrìṣà tí ó kórìíra irọ́ tó bẹ́ẹ̀ ni a wá ń purọ́ mọ́ ní gbangba, tí a ń sọ pé òun ni ó fa ọ̀ràn tí ọwọ́ wa fà. Bí Ògún yóò bá bínú sí ẹnikẹ́ni lójú pópó, ó dá mi lójú pé òpùrọ́ ni yóò kọ́kọ́ bínú sí.

Ó dára, kí ni ó ń bẹ́ táyà? Ọ̀pọ̀ gbà pé afẹ́fẹ́ àpọ̀jù ni. Nítorí èyí, bí oòrùn ọ̀sán bá mú, tí wọ́n fọwọ́ kan táyà tí wọ́n rí i pé ó gbóná, wọn a ní kí fọkanáísà jọ̀ọ́ dín in kù díẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí ti pa ènìyàn. Afẹ́fẹ́ tí kò tó ni ó sábà máa ń bẹ́ táyà, kì í ṣe èyí tí ó pọ̀. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a máa tẹ̀, a sì máa nà, ní gbogbo ìgbà tí ó bá yí. Ẹ mú wáyà kan kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwájú sẹ́yìn. Ẹ ó rí i pé ojú ibi tí ó ń tẹ̀ yóò gbóná, yóò sì dá nígbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹ fi eré àsápajúdé kún un, ẹ fi ẹrù àkópọ̀jù kún un, ẹ fi ọ̀dà gbígbóná ojú ọ̀nà kún un: ẹ ti se ọ̀ràn jinná. Òwúrọ̀ kùtù, kí ọkọ̀ tó rìn, ni à ń wọn afẹ́fẹ́ táyà. Iye tí ó yẹ kí ó jẹ́ kì í ṣe ohun tí fọkanáísà yóò fi ojú díwọ̀n tàbí tí yóò fi ẹsẹ̀ gbá wò. Ó wà lára ìwé tí ilé-iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Àfikún táyà tí ó wà nínú bùútù náà ń fẹ́ àyẹ̀wò, nítorí pé ọ̀rẹ́ tí kò sí nílé lọ́jọ́ ìṣòro kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Lẹ́yìn afẹ́fẹ́ ni ọjọ́ orí. Táyà ń darúgbó, yálà a lò ó tàbí a kò lò ó, nítorí rọ́bà a máa gbẹ, a sì máa sán. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí 3516, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Ẹni tí ó ka ìwé débi pé ó lè ka àròkọ yìí kò ní àwáwí kankan láti má lè ka nọ́ńbà mẹ́rin. Síbẹ̀, mélòó nínú wa ni ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó rí? Ní ọdún 2007 ni ilé-iṣẹ́ Michelin ti ilé tí ó ti ń ṣe táyà ní Port Harcourt pa, láti ìgbà náà ni ọjà tòkunbọ̀ sì ti túbọ̀ ń gbilẹ̀ sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò gbà kí jíjìn ojú táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dín sí mìlímítà 1.6. Èyí tí ó bá ti fẹ́ dín, wọn a bọ́ ọ sọnù. Ohun tí wọ́n bọ́ sọnù yẹn ni à ń rà, tí à ń nu, tí à ń fi nǹkan dúdú kùn kí ó máa dán, tí a sì ń fi gbé àwọn ọmọ wa lọ sí ilé-ìwé. Tòkunbọ̀ ni a ń pe ọmọ tí a bí sí òkè òkun, orúkọ ayọ̀ ni. Ìgbà tí a fi sọ pàǹtírí ni ó di ọ̀fọ̀.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì kò yàtọ̀. Ọ́ìlì bíréèkì ní ìwà kan tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kò mọ̀: ó máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, díẹ̀díẹ̀. Bí omi bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, tí ọkọ̀ wá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè gíga bíi ti ilẹ̀ Èkìtì, tí awakọ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láìgbẹ́sẹ̀ kúrò, ooru yóò mú kí omi inú ọ́ìlì hó di oruku. Oruku kì í ti nǹkan. Ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò kàn máa wọlẹ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù ni. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì náà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún méjì, tí wọ́n sì fi ń sọ fún awakọ̀ pé gíá kékeré ni a fi ń sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè bá bíréèkì di ọkọ̀ mú. Bí ọ́ìlì inú ìgò rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, kì í ṣe kí a máa bu kún un nìkan: bóyá páàdì ti jẹ ni, bóyá ó sì ń jò níbìkan. Mo ti fi ojú ara mi rí awakọ̀ tí ó ń da omi ọṣẹ sínú ìgò náà, tí èrò méjìdínlógún sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe àmín sí àdúrà ìrìn àjò.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan gbiná ní orí afárá Otedola, ní àbáwọlé Èkó láti ọ̀nà Ìbàdàn. Ọkọ̀ tí ó jóná ju 50 lọ, ènìyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n sì kọ́kọ́ kéde pé ó kú. Bíréèkì tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni ìwádìí àkọ́kọ́ nawọ́ sí. Mo bi àwọn tí ń sọ pé iṣẹ́ ayé ni: ayé wo? Ta ni àwọn ayé yìí, tí wọ́n mọ orúkọ gbogbo àwọn tí ó wà nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo? Ẹ lé akátá jìnnà ná, kí ẹ tó bá adìẹ wí.

Ibi tí inú mi ti ń bàjẹ́ jù ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ó bà jẹ́ sójú ọ̀nà. Òfin ní kí gbogbo ọkọ̀ ní pátákó onígun mẹ́ta pupa, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní síkọ́ṣọ̀n. Òpópó ni ó wà fún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó ń fi í han ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bí ẹni fi káàdì ẹgbẹ́ han ni, tí kò gbé e kalẹ̀ rí. Bí ọkọ̀ bá kú, ewé ni wọn yóò já sójú ọ̀nà. Èmi kò fi ewé ṣe ẹlẹ́yà. Àmì àtijọ́ ni, ẹni tí ó bá rí i lọ́sàn-án yóò mọ̀ pé ewu wà níwájú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí ewé tútù lóru, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù tí kò ní iná ẹ̀yìn dúró gbọnrangandan sí àárín ọ̀nà bí ilé? Ìyẹn nìkan kọ́. Òkúta ńláńlá ni wọ́n yóò fi há táyà, kí ọkọ̀ má baà yí sẹ́yìn. Bí wọ́n bá tún un ṣe tán, wọn a wa ọkọ̀ wọn lọ, wọn a fi òkúta sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn, tí kò mọ̀wá tí kò mọ̀bọ̀, ni yóò fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣí òkúta náà kúrò.

Ẹ jọ̀ọ́, irú ọmọ Yorùbá wo ni èyí? A ní ìran tí ń yẹ ọ̀nà odò, tí ń ro ọ̀nà oko kí ejò má baà ṣán ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwa ń da òkúta síwájú, a sì ń retí kí a tẹ ilẹ̀ tútù. Bí ọkọ̀ bá kú fún ọ, wà á kúrò lójú ọ̀nà bí o bá lè wà á. Tan iná ìkìlọ̀ rẹ̀. Gbé síkọ́ṣọ̀n sẹ́yìn jìnnà, ó kéré tán ìgbésẹ̀ 50, kí o sì jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ bí kọ́nà tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá wà. Kó àwọn èrò sọ̀kalẹ̀ síhà tí ọkọ̀ kò ti ń kọjá, kí wọ́n kúrò lẹ́bàá ọ̀nà; má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró sẹ́yìn ọkọ̀ náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, má ṣí ìdérí rẹdiétọ̀. Omi inú rẹ̀ gbóná ju omi híhó inú ìkòkò lọ, ojú ni yóò sì ta sí. Pe 122, nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, kó òkúta rẹ kúrò. Kò sí ẹ̀sìn kan tí ó lòdì sí kíkó òkúta kúrò lọ́nà.

Mo mọ ohun tí wọn yóò fi dá mi lóhùn. Wọn yóò ní ìjọba ni kò ṣe ọ̀nà. Òótọ́ ni. Ọ̀nà wa burú, àwọn tí ó jẹ owó rẹ̀ sì wà láàyè, wọ́n ń gba oyè. N kò ní dá wọn láre. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá burú, ṣé kì í ṣe ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí ó fi yẹ kí táyà dára? Ẹni tí ó mọ̀ pé ẹ̀gún pọ̀ lóko kì í fi ẹsẹ̀ òfìfo lọ síbẹ̀, kí ó ní olóko ni kò tú u.

Wọn yóò tún ní kò sí owó. Èyí ni mo kọ̀ jù, kì í ṣe lẹ́nu tálákà, bí kò ṣe lẹ́nu àwọn tí ó ń sọ ọ́. Nígbà tí a ra ọkọ̀, a wẹ̀ ẹ́: a pe ọ̀rẹ́, a ra ọtí, a se ẹran, olórin kì wá títí a fi ná owó mọ́ ọn lórí. Owó ọtí ọjọ́ yẹn tó ra táyà tuntun méjì. A ní owó aṣọ ẹbí ní ìgbà mẹ́rin lọ́dún, a kò ní owó páàdì bíréèkì lẹ́ẹ̀kan. Olówó ọkọ̀ èrò ń gba owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ awakọ̀ láìyẹ̀. Bí awakọ̀ bá sọ pé táyà iwájú ti jẹ tán, a ní kí ó lò ó dé òpin oṣù. Ọjọ́ tí ó bẹ́, awakọ̀ ni wọn yóò gbé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá bí ó bá yè. Olówó ọkọ̀ wà nílé, ó ń gba ẹ kú ewu. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ fún ìrìn wà nínú dúrọ́à rẹ̀, ìwé tí ó rà láìjẹ́ pé ọkọ̀ náà dé iwájú àwọn VIO rárá. Mo ní ìwé yẹn kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Ìwé ẹ̀rí èké ni. Ní ọjọ́ tí àwọn baba wa ń fi irin búra, a mọ ohun tí ń ṣe ẹlẹ́rìí èké.

Àwọn ẹlẹ́sìn yóò ní mo fẹ́ fi ọgbọ́n orí rọ́pò Ọlọ́run. Rárá o. Èmi náà ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi bẹ́líìtì gbé àyà kìkì nígbà tí ó rí ẹ̀ṣọ́ níwájú, tí ó sì tú u nígbà tí ó kọjá wọn tán, ta ni ó ń tàn jẹ? Bẹ́líìtì onígun mẹ́ta tí Nils Bohlin ṣe fún ilé-iṣẹ́ Volvo ní 1959 kò mọ ẹ̀ṣọ́ yàtọ̀ sí igi ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ̀mí tìrẹ ni ó ń dì mú, kì í ṣe owó ìtanràn.

Àwọn kan yóò wá ní òyìnbó ni mo ń ṣe, pé mo ti gbàgbé Ògún. Mo fi ẹnìkan dá wọn lóhùn. Kò sí ẹni tí ó gbé Ògún ga lójú ayé ní ìgbà tiwa tó Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí eré rẹ̀ nípa ojú ọ̀nà, The Road, jáde ní 1965. Kí ni ó ṣe nígbà tí ikú ojú pópó pọ̀ jù? Kò kó ajá jọ. Ó lọ́wọ́ nínú dídá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ní 1977. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1988, òun ni alága àkọ́kọ́. Ẹni tí ó mọ Ògún nìyẹn. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún irin kò ní í jẹ́ kí irin jẹ ọmọ aráyé ní ìjẹkújẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé a kò lè yí padà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, gbogbo Nàìjíríà jí, wọ́n kúrò ní ọwọ́ òsì ọ̀nà, wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ní ọjọ́ kan náà. Ìjọba kéde, wọ́n kọ́ àwọn ènìyàn, tọmọdé tàgbà sì gbà. Ìran tí ó lè yí ọwọ́ tí ó ń rìn sí padà lóòjọ́ kò lè sọ pé wíwọn afẹ́fẹ́ táyà ni ó ṣòro fún òun.

Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2023 sọ pé ènìyàn tí ojú pópó ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé tó mílíọ̀nù 1.19, àti pé ilẹ̀ Áfíríkà ni ikú náà ti pọ̀ jù bí a bá fi wé iye ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni a kò ní ọkọ̀ tó ti àwọn ẹlòmíràn. Ṣé àjẹ́ Áfíríkà ni ó pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ ni, tàbí àwáwí wa?

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ẹ bá dé ibi tí ọkọ̀ ti dànù, tí ẹnìkan sì la ẹnu pé iṣẹ́ ayé ni, ẹ má ṣe mi orí. Ẹ gbé àwọn tí ó fara pa ná, ẹ tẹ 122, ẹ gbé síkọ́ṣọ̀n sẹ́yìn kí ọkọ̀ mìíràn má baà tún wá kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà sókè ketekete. Kí wọ́n gbọ́ ọdún tí wọ́n ṣe é. Lẹ́yìn èyí, kí ẹ béèrè orúkọ ẹni tí ó ni ọkọ̀.